Igba Ebè Mẹ́fà

Kí n tó sọ bí ojú ṣe tì mí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí mo ṣe gbọ́n tó. Ó ti di ọdún méjìlélógún tí mo ti ń kọ́ ọmọ ní kéwú ní Ìkàrẹ́ níbí. Ọmọ mẹ́tàlá ló ti há Àlùkùránì sórí lábẹ́ mi, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí ẹ lè jí lójú oorun tí kò ní máa bá a lọ láti ibi tí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ fún un. Ààfáà Badmus ni mí. Ẹni tó bá ní òun ò mọ̀ mí ní àdúgbò wa, àlejò ni.

Nítorí náà, nígbà tí Màrdíyyàh sọ fún mi pé òun fẹ́ ṣe ìdánwò àṣàyàn sí ilé-ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì kan tó wà lọ́nà Ọ̀wọ̀, àyà mi ò já rárá. Ọmọ àbúrò mi ọkùnrin ni Màrdíyyàh. Bàbá rẹ̀ ti kú láti ọdún márùn-ún sẹ́yìn, ìyá rẹ̀ wà nílé ọkọ mìíràn ní Ìṣùà, ọ̀dọ̀ mi ló sì ń gbé. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni, ó ń parí jùníọ̀ lọ́dún náà, apoògùn ló sì fẹ́ dà. Ilé-ẹ̀kọ́ tó ń lọ kò ní tíṣà kẹ́mísìrì. Bó bá ṣe sínńíọ̀ níbẹ̀, kíláàsì àátì ni wọ́n máa tì í sí, ọ̀rọ̀ apoògùn á sì di àlá. Ọgọ́ta ọmọ péré ni ilé-ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì náà ń mú lọ́dún, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sì ni wọ́n ń jẹ́ kí ọmọ ṣe ìdánwò ọ̀hún. Ẹni tó bá fìdí rẹmi, ó parí nìyẹn.

Mo ra ìwé ìbéèrè àtẹ̀yìnwá lọ́jà, ti ọdún mẹ́jọ gbáko, a sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí a ṣe ń há súrà náà la ṣe há a. Lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, ojú ewé méjì. Lẹ́yìn Àsàrì, àtúnkà. Mo ń ka ìbéèrè, ó ń ka ìdáhùn, ó ń mi síwájú sẹ́yìn lórí ẹní, èmi sì mú pàṣán dání bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò lò ó. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án, ó há gbogbo ìwé náà. Bí mo bá ní, "Òṣìṣẹ́ mẹ́fà mọ ògiri kan fún ọjọ́ mẹ́wàá, ọjọ́ mélòó ni òṣìṣẹ́ mẹ́rin máa fi mọ ọ́n," kí n tó pa ẹnu dé, ó ti ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo pe àwọn aládùúgbò wá wò ó. Mo fi ọmọ yẹn yangàn débi pé ìyàwó mi ní kí n rọra.

Lẹ́yìn Ìtúnu Ààwẹ̀, Caleb ṣe ìdánwò ìdánrawò fún àwọn ọmọ. Caleb ni ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣe lẹ́sìnnì lẹ́yìn gáréèjì, àwọn ọmọ máa ń ti Etioro àti Àjọwá wá bá a. Mo rán Màrdíyyàh lọ kó lọ fi hàn wọ́n. Ìbéèrè àádọ́ta ni wọ́n ṣe. Ó gba mọ́kànlá.

Mo dé fìlà mi, mo fa Màrdíyyàh lọ́wọ́, mo bínú lọ bá Caleb. Mo ní ó ti yí ìbéèrè inú ìwé po. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, nọ́ńbà ibẹ̀ lòun yí, pé ohun tí àwọn tó ń gbé ìdánwò gan-an kalẹ̀ máa ṣe náà nìyẹn. Ó wá yíjú sí ọmọ, ó ní òṣìṣẹ́ mẹ́jọ mọ ògiri fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, mẹ́fà ńkọ́? Màrdíyyàh ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Caleb bi í pé báwo ló ṣe rí i. Ọmọ náà wo ojú mi.

Ó ní, "Bàbá, èyí ò sí nínú èyí tí a há."

Caleb ò rẹ́rìn-ín. Ká ní ó rẹ́rìn-ín ni, ǹ bá rí nǹkan bínú sí. Ojú tì mí dé ọrùn ẹsẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló kù, èmi ni mo sì ba mẹ́sàn-án jẹ́ fún ọmọ ọlọ́mọ. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Màrdíyyàh ò jẹun. Ó ní kí n má wulẹ̀ dààmú mọ́, pé òun á ṣe àátì.

Bí inú bá ń bí mi, Ọ̀kà ni mo máa ń lọ, ilé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Safurat. Safurat ò wọ kíláàsì rí láyé rẹ̀. Iṣu ló ń gbìn nísàlẹ̀ òkè, òun ló sì ń ṣàkóso àwọn tó ń bá a kọ ebè. Ó ń bẹ iṣu lọ́wọ́ nígbà tí mo dé. Mo ro ẹjọ́ Caleb fún un títí, bó ṣe fi ìbéèrè burúkú da ọmọ láàmú. Ó ní kí ni ìbéèrè náà. Mo sọ ọ́: ẹni mẹ́jọ, ọjọ́ mẹ́sàn-án, ẹni mẹ́fà ńkọ́?

Kò gbójú sókè. Ó ní, "Ọjọ́ méjìlá."

Mo ní ta ló sọ fún un. Ó wò mí bí ẹni ń wo ewúrẹ́ tó wọ ilé ìdáná.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò ṣoko rí. Lọ́dọ̀ wa, igba ebè ni iṣẹ́ òòjọ́ alágbàṣe kan. Igba igba ni wọ́n ń ka oko, igba igba ni wọ́n ń ka iṣẹ́. Safurat ní ẹni mẹ́jọ, igba mẹ́jọ lójúmọ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án, igba méjìléláàádọ́rin. Oko nìyẹn. Bí ẹni mẹ́fà bá pín in, méjìlá méjìlá ló kan kálukú. Ó ní kí ló wá le níbẹ̀ tí mo fi ń làágùn?

Ó wá kó èèpo iṣu nílẹ̀, ó ní, "Mú ọmọ náà wá fún mi. Ùwọ náà wá, àmọ́ o ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀."

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Gbogbo Sátidé àti Sọ́ńdè ni mo ń fi ọ̀kadà gbé Màrdíyyàh lọ sí Ọ̀kà. Safurat ò fún un ní ìwé, ọkọ́ ló fún un. Lọ́jọ́ kìíní, ogójì ebè ló kọ, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì bó. Bó ṣe ń kọ ọ́ ni Safurat ń bi í léèrè: bí ọ̀lẹ kan bá ń kọ ìdajì igba ńkọ́? Bí òjò bá dí wa lọ́wọ́ lọ́jọ́ kẹta ńkọ́? Nígbà tí ọmọ bá ṣì í, Safurat kì í pariwo. Ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń sọ.

"Oko kì í kéré torí pé ẹnìkan ò wá. Kọ́kọ́ mọ bí oko ṣe tó, kó o tó ka orí èèyàn."

Caleb náà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé wa. Òun á ka ìbéèrè láti inú ìwé, ìbáà jẹ́ ti mọ́tò tó ń sáré tàbí ti aṣọ tí wọ́n ń rán, Safurat á sì sọ ọ́ di ebè. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, Màrdíyyàh ti ń sọ ọ́ di ebè fúnra rẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ tèmi ni kí n dákẹ́, kò sì sí iṣẹ́ tó le tó o láyé mi.

Ó ṣe ìdánwò náà nínú oṣù karùn-ún. Ó jáde, ó ní ó rọrùn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Caleb sáré wá pẹ̀lú fóònù rẹ̀ lọ́wọ́, ojú rẹ̀ ò dáa. Màrdíyyàh gba mẹ́rìndínláàádọ́ta nínú àádọ́ta nínú ìṣirò, ṣùgbọ́n kò kọ ọ̀nà tó fi ṣe é sórí ìwé, ìdáhùn nìkan ló wà níbẹ̀. Wọ́n fura pé ẹnìkan ló sọ ìdáhùn fún un. Wọ́n ní kí òun àti alágbàtọ́ rẹ̀ wá jẹ́jọ́ ọ̀rọ̀ náà, kí wọ́n tó mọ̀ bóyá àwọn á yọ orúkọ rẹ̀.

Àṣìṣe wa ni. Caleb rò pé mo ti sọ fún un pé kó máa kọ bó ṣe ṣe é, èmi rò pé Caleb ti sọ ọ́. Safurat ò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ń kọ ọ́. Ta ló ń kọ ìṣirò sórí ìwé lóko?

Nígbà tí a dé ilé-ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì náà, àwọn mẹ́ta ló jókòó nídìí tábìlì, Ìyáàfin Ọdúnayọ̀ ni ọ̀gá wọn. Wọ́n ní kí èmi jókòó sẹ́yìn, kí n má sọ̀rọ̀. Ìyáàfin náà ní òun máa fún ọmọ ní ìbéèrè tuntun. Páìpù kan máa ń fi wákàtí mẹ́ta da omi kún táǹkì, páìpù kejì máa ń fi wákàtí mẹ́fà kún un. Bí wọ́n bá ṣí méjèèjì pọ̀, wákàtí mélòó?

Màrdíyyàh wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Mo gé ahọ́n mi jẹ.

Ó ní, "Mà, ṣé mo lè fi ebè ṣe é?"

Ọkùnrin tó jókòó lápá òsì rẹ́rìn-ín, ó ní ibo ni páìpù ti rí ọkọ́. Ìyáàfin ní kó máa wí.

Ó ní ká pe táǹkì ní oko igba ebè mẹ́fà. Páìpù kìíní ń kọ igba méjì ní wákàtí kan, ìkejì ń kọ igba kan. Wọ́n pa pọ̀, igba mẹ́ta. Wákàtí méjì, oko tán.

Ọkùnrin yẹn dẹ́kun ẹ̀rín. Ìyáàfin bi í pé kí ló dé tó mú mẹ́fà, ó ní iye tó bá wù wọ́n ni, pé tó bá jẹ́ igba méjìlá, wákàtí méjì náà ni, mẹ́fà kàn dùn ún pín ni. Ìyáàfin wá fi bírò lé tábìlì. Ó ní, bí páìpù kejì bá bàjẹ́ lẹ́yìn wákàtí kan ńkọ́?

Ọmọ mi ò tiẹ̀ ronú. Ó ní, "Oko kì í kéré torí pé ẹnìkan lọ, mà. Igba mẹ́ta ló kù. Ẹni tó ṣẹ́kù ń kọ igba méjì ní wákàtí kan. Wákàtí kan àtààbọ̀ ló máa fi parí rẹ̀."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wo ara wọn. Ìyáàfin Ọdúnayọ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ta ló kọ́ ọ báyìí. Màrdíyyàh bojú wẹ̀yìn wò mí, gbogbo wọn sì wò mí. Àbí ẹ rí i, èmi Ààfáà Badmus, tí mo fẹ́ràn ìyìn bí ọmọdé ṣe fẹ́ràn ṣúgà. Wọ́n ní kí n má sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n mo dìde.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni. Safurat, àgbẹ̀ ní Ọ̀kà. Èmi kọ́ ni."

Ìyáàfin ní kí n tún orúkọ náà pè, ó sì kọ ọ́ sórí ìwé tó wà níwájú rẹ̀.

Orúkọ Màrdíyyàh ló ṣe ìkẹta nínú ọgọ́ta nígbà tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ síta. Mo sunkún lójú gbogbo èèyàn, ẹ má bi mí. A ò yà sílé, Ọ̀kà la gbà lọ tààrà. Safurat ń ro oko lọ́wọ́. Ọmọ sáré dì mọ́ ọn tọkọ́tọkọ́, wọ́n jọ ṣubú sórí ebè. Mo wá sọ ohun tí mo sọ lọ́hùn-ún fún un.

Ó nu ọwọ́ sí ìró rẹ̀. Ó ní, "Orúkọ mi? Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ nílé ìwé?"

Mo ní wọ́n kọ ọ́, ojú mi báyìí ni. Ó fi etí ìborùn nu ojú, ó yíjú sí òkè, ó sì rọra ń pe orúkọ ara rẹ̀.