Ọ̀la La Ń Lọ, Ọmọ Ò Jẹun

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ sún mọ́ mi dáadáa. Ẹni tó gbé ìkòkò kaná, kó lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ná. Ẹni tó pọn ọmọ, kó tú u sórí ẹsẹ̀, torí ọ̀rọ̀ ọmọ ni mo gbé wá.

"Ó ti tún tu ú!"

Gbémi ló pariwo bẹ́ẹ̀ nínú pálọ̀ wọn ní Fẹ́sítáàkì. Àdúràolúwa, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún méjì, ti tu ògì sórí báàgì aṣọ. Kò sí ibi tí ẹsẹ̀ lè tẹ̀ nílẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn: báàgì níhìn-ín, kúlà lọ́hùn-ún, àga ọmọdé tí wọ́n máa so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ wà láàárín. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, Iléṣà ni wọ́n ń lọ, sọ́dọ̀ ìyá Adébánjí, ọkọ Gbémi. Láti ibẹ̀ ni wọ́n á ti lọ wo omi tó ń já láti orí òkè ní Erin-Ìjẹ̀ṣà. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, wọn ò tíì lọ sinmi níbi kankan rí.

"Tún fún un," Adébánjí ní.

"Mo tún fún un, Dádì Àdúrà. Ó pa ẹnu dé bí ilẹ̀kùn báńkì lọ́jọ́ Sọ́ńdè."

Láti àná ló ti rí bẹ́ẹ̀. Àná ni Gbémi gún ewúro, tó fún omi rẹ̀, tó fi pa ọmú, kó lè já ọmọ náà lẹ́nu ọmú kí wọ́n tó gbéra. Àǹtí Láídé, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ló ti ń wí i létí pé, "Ìyàwó, má gbé ọmọkùnrin tó ń fi ẹnu ara ẹ̀ bèèrè ọmú lọ bá Màámi o. Wọ́n á fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́." Àdúrà fi ahọ́n kan ewúro, ó figbe ta, ó fi ọmú sílẹ̀. Inú Gbémi dùn, ó tiẹ̀ jó díẹ̀. Àṣé ọmọ fi ohun gbogbo sílẹ̀ pọ̀ mọ́ ọmú ni! Kò gba ògì, kò gba mílíìkì, kò gba omi pàápàá. Ẹnikẹ́ni tó bá fún un, á tọ́ ọ wò, á tu ú.

Àǹtí Láídé náà ti gbé ẹrù tirẹ̀ dé láti Amúwo, nítorí wọ́n jọ ń lọ ni. Ó jókòó, ó ń fi ìborùn fẹ́ ara.

"Agídí ni. Ebi á mú un jẹun."

"Ebi ti ń pa á láti àná, Àǹtí."

"Kò tíì pa á tó ni."

"Ògì yìí, èmi fúnra mi tọ́ ọ wò nínú ìkòkò. Ó dùn."

Ìgbà náà ni Tàjúdéènì, mẹkáníìkì tó ń tún ọkọ̀ wọn ṣe nísàlẹ̀, gòkè wá pẹ̀lú epo lọ́wọ́. "Ọ̀gá, mọ́tò ti dáa o! Ẹ lè gbé e dé Sókótó." Ojú rẹ̀ bọ́ sí ara ọmọ, ẹ̀rín sì kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Kí ló ṣe kékeré yìí? Ojú ẹ̀ ti jìn wọlé."

Gbogbo wọn wo ọmọ náà. Òótọ́ ni, ojú rẹ̀ ti jìn, ètè rẹ̀ ti ń bó. Ó ń sunkún, ṣùgbọ́n ẹkún náà ò lómi. Gbémi tú páńpáàsì ìdí rẹ̀, ó fi ọwọ́ kàn án. Ó gbẹ.

"Àárọ̀ kùtù ni mo wọ̀ ọ́ fún un," ó wí. "Dádì Àdúrà, kò tọ̀."

Adébánjí dìde. "Ó tán. A ò lọ síbì kankan mọ́. Ọsibítù la ń lọ. Tàjú, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò dà?"

"Bánjí, Màámi ti ń retí wa—"

"Kí wọ́n máa retí! Àbí ẹ fẹ́ kí n gbé òkú—"

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́!" Àǹtí Láídé fò dìde. "Má parí ẹ̀!"

Gbémi gbá ọmọ mọ́ra. "Èmi ni mo fi ewúro lé e," ó ń wí fún ara rẹ̀. "Torí kí wọ́n lè yìn mí."

Ẹ̀rù wá ba Àǹtí Láídé gan-an. Ó gbé kọ́ọ̀pù ọmọ náà, ó fi ń ṣeré níwájú rẹ̀. "Àdúrà, wò ó, Àǹtí fẹ́ mu omi ẹ o! Àǹtí á mu ún tán pátápátá o!" Ó gbé e sẹ́nu, ó gbé e mì gbùn-ún.

Ojú rẹ̀ fún pọ̀. Ó tu ìyókù sórí kúlà.

"Ewúro! Ìyàwó, ewúro wà nínú omi yìí!"

"Omi inú ike tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ni, Àǹtí!"

"Ìwọ náà mu ún, kó o rí i!"

Gbémi fi ahọ́n kàn án. Ó korò. Ó lá ṣíbí ọmọ: ó korò. Adébánjí fi fídà tí ọmọ fi ń mu mílíìkì kan ẹnu: ó korò bí oògùn ibà. Gbémi sáré wọ kíṣìnnì, àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Ó dúró ti ibi ìfọbọ́, ó ń wo fóòmù kékeré kan tó jẹ́ pé abọ́ Àdúrà nìkan ni wọ́n máa ń fi í fọ̀.

"Yéè! Fóòmù yìí ni mo fi pa ewúro sọ́mú lánàá. Òun ló rọ̀ jù. Mo fi omi ṣàn án, mo dá a padà síbí."

Láti àná, gbogbo ohun tí fóòmù yẹn bá fọ̀, ewúro ló ń fi kùn ún.

"Á jẹ́ pé ọmọ ò ṣagídí kankan," ni Tàjúdéènì wí.

Adébánjí fi ọṣẹ fọ ọwọ́, ó ṣí ike omi mìíràn, ó bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó kúnlẹ̀ síwájú ọmọ rẹ̀. Àdúrà wo ọwọ́ náà títí. Ó fi ahọ́n kàn án. Ó dúró. Ẹ̀yin èèyàn mi, kò sẹ́ni tó mí nínú ilé yẹn. Lẹ́yìn náà ló tẹnu bọ̀ ọ́, ó ń fà á ṣùrù ṣùrù, bàbá rẹ̀ ń bù ú, òun náà ń mu, títí àyà aṣọ àwọn méjèèjì fi tutù. Adébánjí ní bó bá ti tọ̀ kílẹ̀ tó mọ́, Iléṣà ni wọ́n ń lọ, wọn ò ní lọ ọsibítù mọ́.

Gbémi wọ balùwẹ̀, ó fi omi lílọ́wọ́ọ́ àti ọṣẹ fọ àyà rẹ̀, ó tún un fọ̀, ó sì fi ìka tọ́ ọ wò. Nígbà tó jáde, ó jókòó sáàárín ẹrù. Ọmọ rí i, ó yí ojú padà, ó di ọrùn bàbá rẹ̀ mú. Ó dun Gbémi wọra, ṣùgbọ́n kò fà á. Orin ló mú, jẹ́jẹ́, èyí tó máa ń kọ fún un láti ọjọ́ ìkómọ:

*Àdúrà mi, wá gbà, wá gbà,*
*Tìẹ ni, kò sẹ́ni tó bá ọ pín in,*
*Bó o yó, màá yó,*
*Bó o sùn, màá sùn,*
*Wá gbà, olówó orí mi, wá gbà.*

Ó kọ ọ́, ó tún un kọ. Àdúrà sọ̀ kalẹ̀ lọ́rùn bàbá rẹ̀. Ó rìn bọ̀, ó fi ìka kan ọmú, ó lá ìka náà, ó wo ojú ìyá rẹ̀. Ó wá gbé orí lé e, ó ń mu.

"Ìyàwó," Àǹtí Láídé bẹ̀rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú." Gbémi ò gbé ojú sókè. "Ó máa mu ún lójú ọ̀nà, ó sì máa mu ún níwájú Màámi. Bí ọ̀rọ̀ bá wà níbẹ̀, èmi ni kí wọ́n bá sọ ọ́. Tá a bá padà dé, màá já a díẹ̀díẹ̀."

Àǹtí Láídé dìde. Ó wọ kíṣìnnì, ó mú fóòmù yẹn, ó jù ú sínú agbọ̀n ìdọ̀tí. Nígbà tó padà dé ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni èmi àti ìwọ máa jókòó sí. Ìborùn mi fẹ̀. A ó fi bo ẹ̀yin méjèèjì."

Ó ró aṣọ mọ́dìí, ó bẹ iṣu, ó dín in, ó dín ẹyin lọ́pọ̀ yanturu. Orí ẹrù ni wọ́n ti jẹ ẹ́. Tàjúdéènì fọ epo ọwọ́ rẹ̀ nù, ó gba abọ́ tirẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò lọ́tùn-ún lósì.

"Mọ́mì Àdúrà, kí ni wọ́n fi fọ tèmi o?"

Gbémi bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àkọ́kọ́ láti àná.

Tàjúdéènì yó, ó ń fi eyín fọn fèrè gba Abúlé Adó lọ. Àǹtí Láídé yó, ó gba Amúwo lọ, ó ní kí wọ́n má gbàgbé láti wá gbé òun láàárọ̀. Àdúrà, tó jẹ ẹyin lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ lẹ́yìn ọmú, yó ju gbogbo wọn lọ. Ó sùn sórí báàgì tí wọn ò tíì pa dé, ikùn rẹ̀ yọ róbótó, ìdí rẹ̀ sì tutù rinrin. Ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ kan ibi tó tutù náà, ó ní, "Ẹ ṣeun, Olúwa," ó sì lọ mú páńpáàsì mìíràn wá.