Akọ Aláwẹ́

"Akọ ni, akọ náà ni," ni ọ̀gá ilé ewé wí, ó sì ṣí ìdérí bírò rẹ̀ láti fọwọ́ sí ìwé. "Ẹni tó já ẹ̀ka yìí fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ síbẹ̀. Kí la tún ń wá?"

Awọnlẹ̀, ẹni tó ń wọn ilẹ̀ fún ọ̀nà tuntun, tó jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn, ti dìde dúró. Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ ló ti ń retí ìwé yìí. Bí ọ̀gá bá kọ ọ́ pé aláwẹ́ lásán ni igi mọ́kànlá tó wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ omi, ọ̀nà tuntun yóò gba orí wọn kọjá, nítorí aláwẹ́ pọ̀ káàkiri bí eèrà. Bí wọ́n bá jẹ́ irú igi mìíràn tí kò sí níbòmíràn, òfin ní kí ọ̀nà yà fún wọn. Aago méjì ọ̀sán ni ìwé gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń la ọ̀nà. Aago méjìlá sì ti kọjá díẹ̀.

Obìnrin tí gbogbo wọn ń pè ní Ìyá Abẹ́rẹ́ kò gbé ojú kúrò lórí tábìlì rẹ̀. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti ń rán ewé gbígbẹ mọ́ páálí nínú ilé ewé yìí, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú òwú funfun. Àwọn tó lọ sí yunifásítì ló ń fún igi lórúkọ. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ewé má jábọ́. Ṣùgbọ́n páálí tó wà níwájú ọ̀gá yìí, ọkọ rẹ̀ ló já ẹ̀ka orí rẹ̀ lára àwọn igi òkè náà, nígbà tó ku oṣù méjì kó papò dà. Ọwọ́ rẹ̀ ló fi kọ "akọ aláwẹ́" sí igun páálí, pẹ̀lú lẹ́tà rẹ̀ tó máa ń tẹ̀ sí apá ọ̀tún bí koríko tí atẹ́gùn ń fẹ́.

"Ọ̀gá," ni ó wí, "kì í ṣe irú akọ tí ẹ rò ni akọ yẹn."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́. Kì í ṣe aláfojúdi. Ó fi nǹkan bí ogún ọdún kéré sí Ìyá Abẹ́rẹ́, kò sì fi ipò gàba lé e lórí rí. "Màmá, irú akọ mélòó ló wà?"

"Méjì ni. Akọ ìbẹ́pẹ wà, tó ń tanná tí kì í so, tí abo rẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé kejì. Ìyẹn, akọ ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí àwọn àgbà bá rí ewé kan nínú igbó tó jọ èyí tí wọ́n mọ̀, tí kì í sì í ṣe òun, akọ náà ni wọ́n ń pè é. Akọ rẹ́rẹ́ kì í ṣe ọkọ rẹ́rẹ́. Ó kàn jọ ọ́ ni."

Awọnlẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "A jẹ́ pé akọ bàbá mi lèmi náà, ìyá wa. Mo jọ ọ́ bí ìmumu, ṣùgbọ́n n kì í ṣe òun."

Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò pa bírò dé. Ó ṣàlàyé pé igi tí akọ rẹ̀ yàtọ̀ sí abo ni aláwẹ́, pé òun ti fi rúlà wọn ewé orí páálí yìí àti ti aláwẹ́, wọn kò fi ohunkóhun ju ara wọn lọ. Awọnlẹ̀ fi kún un pé ìgbà mẹ́ta lòun gòkè lọ, òun kò rí èso kan ṣoṣo lábẹ́ igi mọ́kọ̀ọ̀kànlá. Ọ̀gá wá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Màmá, mo mọ bí bàbá ti jẹ́ sí yín. Ṣùgbọ́n a kò lè fi ìfẹ́ dá igi mọ̀."

Ọ̀rọ̀ náà dun Ìyá Abẹ́rẹ́. Ó gbé abẹ́rẹ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Ẹ má fi ìfẹ́ dá a mọ̀. Ẹ jẹ́ ká la òdòdó rẹ̀. Bó bá jẹ́ akọ, àtíkè òdòdó nìkan la ó bá nínú rẹ̀. Bí ilé ọmọ bá wà níbẹ̀, ẹ ò ní lè pè é lákọ."

Àpò bébà kékeré kan tí òdòdó wà nínú rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ka náà, ọkọ rẹ̀ ló ṣẹ́ ẹ po. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìsìnkú ni Ìyá Abẹ́rẹ́ rán ẹ̀ka náà mọ́ páálí, kò ṣí àpò náà nígbà yẹn, ẹnikẹ́ni kò sì ṣí i láti ìgbà náà. Ọ̀gá ronú díẹ̀, ó wo aago, ó ní kó ṣí i. Ìyá Abẹ́rẹ́ tú ìṣẹ́po kìn-ín-ní, ó tú ìkejì. Òdòdó mẹ́ta péré ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju ẹyọ ìrẹsì lọ.

Awọnlẹ̀ ń rìn síwá sẹ́yìn. Bóyá ìrìn rẹ̀ ló fa ìkánjú. Ìyá Abẹ́rẹ́ gbé bíléèdì lé òdòdó kìn-ín-ní bó ṣe gbẹ, ó sì fọ́ di eruku lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀gá mí kanlẹ̀.

"Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú," ni Ìyá Abẹ́rẹ́ sọ fún ara rẹ̀, kò parí òwe náà. Ó gbé omi kaná.

Awọnlẹ̀ bèèrè bóyá tíì ló fẹ́ pò.

"Tíì òdòdó ni. Kò ní ṣúgà."

Ó da omi gbígbóná sínú àwo kékeré, ó kán ọṣẹ olómi díẹ̀ sí i, ó sì rọra fi ẹ̀mú gbé òdòdó kejì sínú rẹ̀. Ogún ìṣẹ́jú ni yóò gbà. Ẹ̀rù kò bà á. Ó mọ bí ọkọ rẹ̀ ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé. Nígbà tí àkọ́bí wọn bá fi ìgbálẹ̀ tọ́ ilẹ̀ lásán, tó ní òun ti gbálẹ̀, bàbá rẹ̀ á wo abẹ́ àga, á ní, "Akọ ilẹ̀ gbígbá lèyí." Ọmọ náà ti ní ilé tirẹ̀ báyìí, ó sì ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ tirẹ̀.

Nígbà tí àkókò pé, òdòdó náà ti rọ̀ bí etí ọmọ tuntun. Ìyá Abẹ́rẹ́ là á ní òòró, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó gbé e sábẹ́ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, ó tẹjú mọ́ ọn, ó sì sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún ọ̀gá.

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ó pẹ́ níbẹ̀. Àpò àtíkè yí etí òdòdó ká lóòótọ́, ṣùgbọ́n ní àárín gbùngbùn, ilé roboto kan wà, tí ẹyin kéékèèké tò sí inú rẹ̀.

"Ọmọ wà nínú rẹ̀," ni ọ̀gá wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. "Akọ àti abo ń gbé inú òdòdó kan. Aláwẹ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀ láéláé."

Awọnlẹ̀ fẹ́ mọ ìdí tóun kò fi rí èso nígbà náà. Ọ̀gá ní òun kò mọ̀; ó lè jẹ́ pé kì í ṣe àsìkò rẹ̀ ló lọ, ó lè jẹ́ pé kòkòrò tó yẹ kó máa bẹ̀ wọ́n wò ti tán lórí òkè. Ó fa ìlà gba orí ohun tó ti kọ, ó mú ìwé mìíràn, ó kọ ọ́ pé irú igi ọ̀tọ̀ ni, tí a kò tíì rí níbòmíràn. Ó fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ló yí ìwé náà sọ́dọ̀ Ìyá Abẹ́rẹ́.

"Ẹ fọwọ́ sí i lábẹ́ tèmi. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n, èmi kàn wò ó ni. Mo sì sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò yẹ kí n sọ."

"Ó ti tán," ni Ìyá Abẹ́rẹ́ wí, ó sì fọwọ́ sí i.

Awọnlẹ̀ ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ọ̀nà yóò yà nìyẹn, òun yóò fi ìwé náà jíṣẹ́ kí aago méjì tó lù, òun yóò sì tún àwòrán yà látòkè délẹ̀. Ṣùgbọ́n òun ti kun gbogbo igi náà ní ọ̀dà pupa, àmì gígé sì ni pupa; àárọ̀ ọ̀la làwọn agégi ń bọ̀, àwọn yẹn kì í ka ìwé. Òun gbọ́dọ̀ lọ fi funfun pa pupa rẹ́ lónìí, ó sì ṣòro fún ẹnì kan láti dá a ṣe kílẹ̀ tó ṣú.

Ìyá Abẹ́rẹ́ ti ń bọ́ épírọ́ọ̀nù rẹ̀. Ó ti fọwọ́ kan ewé igi yìí, ó ti wo inú òdòdó rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì dúró lábẹ́ rẹ̀ rí.

"Òkè yẹn ga o, ìyá wa," ni awọnlẹ̀ wí.

"Ẹni tó gùn ún kó lè já a sọ fún mi," ni ó dáhùn, ó sì ṣíwájú rẹ̀ jáde.