Ìka Tó Ń Pa Èrìgì Adépéjú

"Ta ló ń fọwọ́ kan ẹnu yín nílé, mà?" Dókítà Fọláyan tún gbé àwòrán egungun náà sókè sí iná.

Láti ìgbà tí ọkọ̀ ti gbókìtì pẹ̀lú Adépéjú lọ́nà Abaji, tí àgbọ̀n rẹ̀ fọ́ lọ́tùn-ún lósì, ni wọ́n ti gé egungun díẹ̀ ní ìbàdí rẹ̀, tí wọ́n fi dí ibi tó fọ́. Àgbọ̀n ọ̀tún ni wọ́n ń fi oògùn tuntun sí, oògùn tí wọ́n máa ń rọ sójú ibẹ̀ gan-an kí egungun lè tètè so. Wọ́n fi òsì sílẹ̀ lásán kí wọ́n lè rí ìyàtọ̀. Òun náà ló fọwọ́ síwèé pé òun gbà.

"Òsì tá ò fi nǹkan kan sí ló ti so," ni dókítà wí. "Ọ̀tún ṣì ń mì. Bí kò bá so títí di ọjọ́ Ẹtì, a máa yọ ọ́ ni o."

Kí wọ́n tún la àgbọ̀n òun? Adépéjú rẹ́rìn-ín ẹ̀rù.

"Màámi ni, sà. Bí mo bá lo oògùn ìrora tí mo sùn lọ́sàn-án, wọ́n á máa fi òróró àdúrà pa èrìgì mi lósì. Ọwọ́ wọn tutù ni."

Ó délé ní Utako, ó bá ìyá rẹ̀ tó ń wé gèlè.

"Èmi kẹ̀? Péjú, èmi tí mi ò lè wo ojú ọgbẹ́! Òróró mi ò tíì kúrò nínú báàgì. Ṣebí ìpàdé àdúrà ni mo máa ń lọ ní Garki lọ́sàn-án."

"Ta wá lẹ máa ń fi tì mí?"

"Ta ni mo fẹ́ fi tì ọ́? Mo máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ìwọ nìkan láti ìta ni." Ni ojú ìyá bá yí padà. "Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Kó ẹrù rẹ, a ò sun ibí mọ́!"

Adépéjú fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún. Egungun náà mì nínú ẹran. Ẹ̀rù ń bà á o, ẹ̀rù gidi, ṣùgbọ́n ọ̀tunla ni ọjọ́ Ẹtì.

"Ẹ máa lọ ìpàdé yín, mà. Ẹ bá mi tilẹ̀kùn."

Ìyá bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà. Nígbà tí Adépéjú gbọ́ tí kọ́kọ́rọ́ yí níta, ó gbé oògùn ìrora mì, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì lé pílò, ó yí ọ̀tún sókè fún ọwọ́ tútù náà, ó sì la ẹnu.