Áńpù Tó Gbóná Lọ́sàn-án

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ fún yín irú ìyàwó tí mo fẹ́, torí tí mo bá bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti dùn mí, ẹ máa rò pé ọ̀tá ni àwa méjèèjì láti ilẹ̀.

Áńpù kan, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá sókè, wà nílé mi tó dàgbà jù mí lọ. Àwọn tòde òní, o tẹ̀ ẹ́, ó dáhùn, o pa á, ó kú. Tèmi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Fáàfù ló wà nínú ẹ̀, àwọn ìgò kéékèèké tó máa ń pọ́n bíi gílóòbù tí iná ò dé dáadáa. Tí wọn ò bá tíì gbóná, ohùn tó máa jáde níbẹ̀ ò lè wu ẹnikẹ́ni. Súìṣì méjì ló ní. O máa tan ti àkọ́kọ́, o máa fi í sílẹ̀ kí àwọn fáàfù yẹn gbóná dénú, kó o tó wá tan èkejì tó máa jẹ́ kí ohùn jáde. Ẹni tó bá ń kánjú, kó yáa lọ máa lu agolo.

Ilé ìtẹ̀wé ni mo ti ń ṣiṣẹ́, nídìí ẹ̀rọ tó ń gé bébà. Ìyàwó mi ń rán kọ́tìnnì nílé, nínú yàrá iwájú. Láti ìgbà tí a ti kó dé ilé yìí, tó bá ti gbọ́ ìró alùpùpù mi ní kọ́nà, á dìde nídìí máṣíìnì ẹ̀, á lọ sí yàrá ẹ̀yìn, á tan súìṣì àkọ́kọ́. Kí n tó ti alùpùpù wọlé, kí n tó fọ yíǹkì kúrò lọ́wọ́, áńpù ti gbóná, ó ń dúró dè mí. Èmi kọ́ ni mo ní kó máa ṣe é. Àwọn ọkọ mìíràn, oúnjẹ gbígbóná ni wọ́n ń bá nílé. Èmi ń bá oúnjẹ tútù àti áńpù gbígbóná, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn.

Òun náà ló fi àjákù kọ́tìnnì tó nípọn rán aṣọ tí a fi ń bo áńpù náà. Òfin kan ṣoṣo ni mo fún un nígbà yẹn, pé a kì í da aṣọ bò ó tó bá ṣì gbóná, kó má bàa jóná. Ó ní òun ti gbọ́, kò sì gbàgbé rí.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, mọ́tọ̀ tó ń yí ẹ̀rọ wa jóná níbi iṣẹ́, ọ̀gá ní kí oníkálukú máa lọ sílé. Ọ̀sán gangan ni. Alùpùpù mi wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ni mo bá fi ẹsẹ̀ rìn. Inú mi dùn, torí mo ti rí àyè fi ọwọ́ mi ṣeré. Láti ọdún tó kọjá ni àwọn ìka ọwọ́ òsì mi ti ń le díẹ̀díẹ̀, mo sì gbà pé ìdánrawò ló máa tú wọn. Wọ́n ti pe ẹgbẹ́ olórin wa sí ìṣílé gbọ̀ngàn ńlá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ sẹ́yìn ibùdókọ̀. Wọ́n ní wọ́n ti sún òde náà síwájú, àmọ́ kò burú, mo ṣì ń múra ẹ̀ sílẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pè wá sí ibi tí àwọn tó jókòó ti máa dákẹ́ gbọ́ wa. Òde yẹn ni mo fi ń sùn, òun ni mo fi ń jí.

Mo bá ìyàwó mi nídìí máṣíìnì. Bó ṣe rí mi, ẹsẹ̀ ẹ̀ dúró lórí pẹ́dà.

"Ẹ káàbọ̀, Dádì. Ṣé kò sí o?"

"Ẹ̀rọ ló jóná. Jẹ́ kí n ta gìtá díẹ̀."

"Ẹ jókòó síbí ná, kí n bu omi fún yín."

Èmi tí mo máa ń bu omi mi fúnra mi láti ọdún gbọọrọ. Mo ní òùngbẹ ò gbẹ mí, mo bá wọ yàrá ẹ̀yìn.

Áńpù wà níbi tó máa ń wà, aṣọ ẹ̀ wà lórí ẹ̀. Mo gbé ọwọ́ lé e lórí bí mo ṣe máa ń ṣe, mo sì yára gbé e kúrò. Ó gbóná. Mo ká aṣọ náà, ooru àti òórùn eruku tó ń jó sì gbá mi lójú. Bọ́tìnnì tó ń mú kí ohùn mú, tí mi ò yí kúrò lójú kan láti ayébáyé, ẹnì kan ti yí i lọ sápá ọ̀tún pátápátá. Lẹ́sẹ̀ àga ni mo ti rí ike pẹlẹbẹ kékeré tí àwọn kan fi ń ta gìtá. Ìka ni èmi fi ń ta á. Irú ike bẹ́ẹ̀ ò wọ ilé mi rí.

Mi ò ní purọ́ fún yín, ohun tí ọkùnrin máa ń rò nírú àsìkò bẹ́ẹ̀ ni mo rò. Mo tiẹ̀ yọjú wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Ilé ìdáná ni mo ti rí ìdáhùn. Wọ́n ti fọ àwọn kọ́ọ̀pù, wọ́n da ojú wọn dé kí omi lè ro kúrò lára wọn, kọ́ọ̀pù ńlá onírin sì wà láàárín wọn. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń fi kọ́ọ̀pù yẹn mumi nílé mi, ìyẹn ọ̀rẹ́ mi tí a ń pè ní Agùntáṣọọ́lò. Ó ga débi pé ó ní láti tẹrí ba kó tó wọlé wa. Gìtá béèsì ló ń ta, òun sì ni olórí ẹgbẹ́ wa láti ìgbà tí gbogbo wa ò tíì ní irùngbọ̀n. Òun ló wá sọ fún mi pé wọ́n ti sún òde gbọ̀ngàn síwájú. Lọ́jọ́ náà gan-an ló tún bẹ̀ mí pé kí n yá òun ní áńpù mi lọ́jọ́ Sátidé, pé àwọn àna òun fẹ́ ṣe ìpàdé ìdílé. Mo ní kó má bẹ̀ mí, ṣé kì í ṣe ti gbogbo wa ni? Ike yẹn wá yé mi: wọ́n ti mú ẹlòmíì wá ta gìtá ní ipò mi.

Mo padà sí yàrá iwájú.

"Ta ló wá síbí?"

"Kò sẹ́ni tó wá."

"Áńpù gbóná."

"Èmi ni. Mo ní kí n tan án sílẹ̀ dè yín."

"O gbọ́ ìró alùpùpù mi?"

Ó fa kọ́tìnnì tó ń rán mọ́ra.

"Alùpùpù wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn. O tan áńpù de ẹni tí o ò mọ̀ pé ó ń bọ̀, o tún wá da aṣọ bò ó. Ìwọ tí o rán aṣọ náà."

Ó ní kí n jókòó, mo ní mi ò jókòó. Ó ní kí n jẹ́ kí òun ṣàlàyé. Mo ti kọjá lọ.

Ṣọ́ọ̀bù ọ̀dà ni Agùntáṣọọ́lò ní. Mo bá a tó ń fi igi ro ọ̀dà aláwọ̀ ewé nínú gárawá. Mo gbé ike yẹn kalẹ̀ sórí káńtà níwájú ẹ̀. Kò bi mí pé kí ni. Ó kàn fa igi yọ nínú ọ̀dà, ó sì gbé e sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́.

"Ìpàdé ìdílé àwọn àna ẹ ńkọ́?" mo bi í.

"Má ṣe báyìí, ọ̀rẹ́ mi."

"Kí ni mo ṣe? Ẹ jókòó sórí àga mi, ẹ fi iná mi àti áńpù mi kọ́ ẹlòmíì bó ṣe máa gba ipò mi, ẹ tún mu omi mi lé e. Èmi ló wá yẹ kí n má ṣe báyìí?"

"Wọn ò sún òde náà. Sátidé yìí ni."

"Mo ti mọ̀ báyìí."

"Ọwọ́ ẹ ti lọ," ó ní. Kò wo ojú mi bó ṣe ń sọ ọ́. "Ìka ẹ kì í dé ibi tó ń lọ mọ́, o ò sì gbọ́ ọ. Àwa ń gbọ́. A ti ń fi ariwo bò ó fún ẹ tipẹ́."

"Ta ló bẹ̀ yín ní ariwo? Ṣé ẹ ò lẹ́nu ni? Ẹ ò lè pè mí jókòó kẹ́ ẹ sọ ọ́ fún mi?"

"Mo fẹ́ sọ ọ́. Ìyàwó ẹ ló ní kí n má sọ."

Mo rò pé ó fẹ́ di ẹ̀bi ru obìnrin ni. Mo rẹ́rìn-ín sí i.

"Orí àga tó wà lẹ́yìn ẹ yẹn ló jókòó sí," ó ní. "Ó ní ká má jẹ́ kí o dúró lójú gbogbo èèyàn kí ojú máa tì ẹ́. Ó ní ká wá ẹlòmíì, ká sọ fún ẹ pé wọ́n ti sún òde náà. Nígbà tí ọmọ tuntun náà ní òun ò rí irú ohùn tí a fẹ́ fà yọ nínú áńpù tòun, ìyàwó ẹ ló ní ká máa bọ̀ lọ́sàn-án tí o bá ti lọ síbi iṣẹ́. Lọ bi í."

Mo yíjú wo àga náà. Àga onígi lásán ni, ọ̀dà funfun ta sí i lẹ́sẹ̀. Mo jáde nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Ibi tó ti dùn mí tẹ́lẹ̀ kọ́ ló ti ń dùn mí mọ́.

Nígbà tí mo délé, ìyàwó mi ti dìde nídìí máṣíìnì. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn, níbi tó máa ń dúró sí tí mo bá ń ta gìtá.

"Ṣé ìwọ lo lọ bá wọn?"

"Èmi ni."

"Ìgbà wo lo ti gbọ́ pé ọwọ́ mi ti lọ?"

"Láti ìgbà òjò tó kọjá."

"Látìgbà yẹn náà lo sì ń tan áńpù dè mí lójoojúmọ́. O ń dúró síbi tí o dúró sí yìí, o ń sọ fún mi pé ó dùn."

"Ó ń dùn mọ́ mi," ó ní. "Ẹ̀yin lẹ̀ ń ta á. Kí ló kàn mí bóyá ẹ tẹ ibi tó yẹ tàbí ẹ ò tẹ̀ ẹ́? Ṣùgbọ́n àwọn ará ìta, ó máa kàn wọ́n, wọ́n á sì fi yín rẹ́rìn-ín. Tí mo bá sọ fún yín, ẹ ò ní fọwọ́ kan gìtá mọ́ láé, mo mọ̀ yín. Ilé yìí á kàn dákẹ́. Mo rò pé mo lè mú yín kúrò níwájú wọn, kẹ́ ẹ ṣì máa ta á fún mi níbí."

"O ò wá ka òtítọ́ sí nǹkan tó tọ́ sí mi."

"Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́, Dádì."

"O mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ fún Agùntáṣọọ́lò."

Ó sunkún, mi ò sì rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ì bá sàn ká ní ọkùnrin kan ni mo bá lẹ́yìn ilẹ̀kùn lóòótọ́. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń bá ọkùnrin jà. Wọ́n káàánú mi lẹ́yìn mi, àánú náà ni wọ́n sì fi gba nǹkan mi. Mi ò mọ ẹni tí mo máa dì mú nínú ìyẹn. Gbogbo ìgbà tí mo rò pé ó dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń gbádùn mi, àṣé ó ń ka àṣìṣe mi ni. Ó dalẹ̀ mi. Mo sọ ọ́ sí i létí, mo sì tún un sọ.

Lọ́jọ́ Sátidé, Agùntáṣọọ́lò gbé ọkọ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà. Mo dúró síbẹ̀, mo ní áńpù ò lọ síbì kankan. Ó ní mo ti ṣèlérí. Mo ní ìpàdé ìdílé ni mo ṣèlérí áńpù fún, kó lọ kó àwọn àna ẹ̀ wá kí n rí wọn. Ó wò mí títí, ó padà wọ ọkọ̀, wọ́n sì lọ wá áńpù mìíràn lo. Gbogbo ọjọ́ yẹn, mo jókòó ti tèmi láìtan án. Mo gbé gìtá lé ẹsẹ̀, mo sì fi ìka rìn lórí ẹ̀ láìsí ohùn. Ìka kékeré ò dé ibi tó ń lọ. Ojú ara mi ni mo fi rí i.

Ní Mọ́ńdè, awakọ̀ tó máa ń kó bébà wá sí ilé ìtẹ̀wé já ẹrù sílẹ̀ tán, ló bá nawọ́ sí mi.

"Ọ̀gá, ẹ mà ṣe bẹbẹ ní gbọ̀ngàn lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ̀yìn pátápátá ni mo jókòó sí, mi ò rí ojú yín, ṣùgbọ́n bí gìtá yẹn ṣe bẹ̀rẹ̀ ni mo ti sọ fún ìyàwó mi pé ọ̀gá wa níbi iṣẹ́ nìyẹn. Ó ti pẹ́ tẹ́ ẹ ti ta á dùn báyẹn."

Mo ní ẹ ṣé.

Mẹkáníìkì ti tún alùpùpù mi ṣe. Mo gùn ún bọ̀ nírọ̀lẹ́, nígbà tó sì ku díẹ̀ kí n dé kọ́nà wa, mo pa á. Mo sọ̀kalẹ̀, mo ń tì í bọ̀. Ó wúwo, òógùn bò mí kí n tó dé ẹnu ọ̀nà. Ìyàwó mi wà nídìí máṣíìnì, ó ń rán etí kọ́tìnnì. Nígbà tó gbọ́ ilẹ̀kùn ló tó gbé orí sókè. Ó dìde kíá, ó kọjú sí yàrá ẹ̀yìn, ó wá dúró.

"Mi ò gbọ́ ìró yín," ó ní.

"Mo mọ̀."

Mo kọjá lára ẹ̀, mo wọ yàrá ẹ̀yìn, mo gbé ọwọ́ lé áńpù náà lórí. Ó tutù. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo ṣe ń wọlé nìyẹn, láìjẹ́ kó gbọ́ ìró mi.