Mítà Tí Kò Sùn

"Bàbá mi, mítà ò tíì sùn o," ọmọbìnrin náà pè láti ẹ̀yìn ilé. "Ó ṣì ń ṣẹ́jú."

Bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín níbi tó dúró sí ní pálọ̀. Ó ní kó wò ó dáadáa, bóyá oòrùn ọ̀sán ló ń tàn sí i lójú. Ọmọ náà ní òun ti fi ọwọ́ ṣíji bò ó. Iná pupa kékeré yẹn ń tàn, ó ń kú.

Eré tí wọ́n gbé lé àwọn ọmọ lọ́wọ́ nílé ìwé ni. Ẹ óò máa pa ohun tó ń lo iná nínú ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, ọmọ yóò dúró ti mítà, yóò máa ka iye ìgbà tó ṣẹ́jú, kí ẹ lè mọ ohun tó ń jẹ iná jù. Bí ẹ bá pa gbogbo rẹ̀ tán tí mítà dákẹ́, a jẹ́ pé ó ti sùn nìyẹn, ọmọ gba máàkì mẹ́wàá. Inú bàbá dùn sí eré yìí gan-an. Oníṣẹ́ iná ni, Ìmọ́lẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ó ti sọ láàárọ̀ pé bí ẹnikẹ́ni bá na ọmọ òun nínú eré iná, òun á kó irinṣẹ́ òun dà sí kànga.

Wọ́n ti pa fíríìjì, fáànù, tẹlifíṣọ̀n àti gbogbo gílóòbù. Ìyàwó rẹ̀ tiẹ̀ yọ ṣájà fóònù kúrò lára ògiri, ó ní kí wọ́n má baà ní òun lòun ba eré jẹ́.

Ìmọ́lẹ̀ lọ síbi mítà fúnra rẹ̀. Ó kà á. Láàárín ìṣẹ́jú kan, ó ṣẹ́jú nígbà ogún. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Kò sí ohun kan tó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé, síbẹ̀ nǹkan kan ń jẹ iná.

Ó ṣí àpótí iná, ó ń pa ojú iná yàrá kọ̀ọ̀kan. Ó pa ti pálọ̀, mítà ò dáhùn. Ó pa ti ilé ìdáná, bákan náà ni. Nígbà tó pa ti yàrá ẹ̀yìn, iná pupa náà kú, kò sì tàn mọ́.

"Ó ti sùn!" ọmọ náà ń fò sókè. "Yàrá màmá àgbà ni!"

Bàbá ti wọlé.

Ìyá rẹ̀ jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó ń ká aṣọ. Ìmọ́lẹ̀ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀. Ògiri náà gbóná wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ara ẹni tí ibà ń ṣe.

"Ó di ọ̀sẹ̀ méjì tí mo ti ń sọ fún yín pé mò ń gbóòórùn rọ́bà tó ń jó," ìyá wí jẹ́jẹ́. "Ẹ ní ọjọ́ orí ló dé sí mi nímú."

Ìmọ́lẹ̀ gan-an ló sọ ọ̀rọ̀ yẹn, gbogbo ilé sì rẹ́rìn-ín sí i. Ó ní kí ìyá lọ jókòó ní pálọ̀, ó wọ́ bẹ́ẹ̀dì kúrò, ó tú ibi tí wọ́n ń ki fáànù bọ̀. Ara wáyà ṣí sí i lọ́wọ́ bí èèpo ẹ̀pà tí wọ́n yan jù. Inú ihò náà dúdú fún èéfín, dúdú náà sì gba inú ògiri gòkè lọ síbi tí ojú kò tó.

Ìyàwó rẹ̀ ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó bi í pé ṣé kì í ṣe wáyà tuntun ló wà níbẹ̀ ni. Ìmọ́lẹ̀ ní tuntun ni, kò tíì pé ọdún méjì. Obìnrin náà yíjú sí ojú fèrèsé.

"Ṣé òun náà lẹ fi ṣe ilé tó kọjú sí wa?"

Róòlù wáyà mẹ́rin ni Ìmọ́lẹ̀ rà lọ́jọ́ tó ra ti ilé rẹ̀. Ó rántí bó ṣe gbé àkọ́kọ́ tí ó fúyẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ mọ ìwọ̀n wáyà bí ìyá ṣe mọ ẹkún ọmọ. Ó mọ̀ pé ayédèrú ni, ó gbé e mì. Ọ̀kan wà nínú ilé rẹ̀. Mẹ́ta yòókù wà nínú ògiri ilé mẹ́ta. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ìyàwó rẹ̀ ní kó tún tiwọn ṣe ná. Tó bá dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kó rọra yà lọ́dọ̀ àwọn tó kù, kó ní òun kàn fẹ́ yẹ iná wọn wò.

"Ẹ má tú ara yín fó," ó ní. "Ta ni yóò tún pè yín síṣẹ́?"

Ìmọ́lẹ̀ náà ti ro ìyẹn kí ìyàwó rẹ̀ tó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n láti ojú fèrèsé, ó ń wo ilé òdìkejì. Lẹ́yìn kọ́tìnì, fáànù wọn ń yí kíkankíkan nínú ooru ọ̀sán. Ó jáde, kò fọ ọwọ́, ó sọdá títì.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ń gbé ibẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Tayọ̀tayọ̀ ló fi ṣílẹ̀kùn. Ó ní àfi bí ẹni pé òun ránṣẹ́ sí i, ó ṣàdúrà fún ọwọ́ rẹ̀, ó ní láti ọjọ́ tó ti ṣe iná ilé òun, ọkàn òun balẹ̀.

"Màmá," Ìmọ́lẹ̀ ní, "wáyà tí mo fi ṣe ilé yín ò dáa. Mo mọ̀ lọ́jọ́ tí mo rà á. Ẹ jẹ́ kí n pa iná yín báyìí."

Ìyá náà wo ojú rẹ̀, ó wo ọwọ́ rẹ̀ tó dúdú fún èéfín. Kò pariwo. Ó yà fún un lọ́nà.

"Àwọn ọmọ mẹ́ta ń sùn lọ́wọ́ níyàrá," ó ní. "Ṣé kí n jí wọn?"

"Ẹ jí wọn, mà."