Àtẹ̀gùn Láàárín Ọmọ Ìyá Méjì

Lọ́jọ́ Ẹtì kan ní ìparí oṣù kẹsàn-án ọdún 1978, ìyá Akin wọlé bá mi ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tó wà nísàlẹ̀ òkè. Mo fún un ní àga, kò jókòó.

"Ajíhìnrere, Akin ti háyà lébìrà mẹ́fà fún ọjọ́ Ajé. Àbúrò rẹ̀ náà ti háyà mẹ́fà. Igi kòkó kan náà ni gbogbo wọn fẹ́ ká, àdá ló sì máa wà lọ́wọ́ wọn. Tí ẹ kò bá bá mi dá sí i, n ó sin ọ̀kan, ọlọ́pàá á mú èkejì lọ."

Kò sí ẹni tí kò mọ ọ̀rọ̀ náà. Kí bàbá wọn tó sùn nínú Olúwa, ó pín oko kòkó rẹ̀ lọ́nà Aládé fún àwọn méjèèjì, ó sì gbin pẹ̀rẹ̀gún sójú ààlà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, katakata àwọn agégẹdú wọ́ ìtì igi gba inú oko náà, ó sì hú pẹ̀rẹ̀gún dànù pátápátá. Igi kòkó méjìdínlógún ló wà níbi tí ààlà ti sọnù. Akin ní tòun ni. Ọlọ́runníyì, àbúrò rẹ̀, ní irọ́ ni. Kòkó ti wá pọ́n báyìí, àwọn méjèèjì sì ti búra lójú ọjà pé àwọn mọ ibi tí pẹ̀rẹ̀gún kọ̀ọ̀kan wà.

Bí ìyá náà ti ń lọ, ọ̀rọ̀ Búrẹ́mọ̀ sọ sí mi lọ́kàn. Búrẹ́mọ̀ ń ta aṣọ ní òdìkejì ọ̀nà, Mùsùlùmí ni, rédíò rẹ̀ kì í sì í dákẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló sọ fún mi pé Kátà, ààrẹ Amẹ́ríkà, tó wà ní Èkó níbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin, pe olórí Íjíbítì àti olórí Ísírẹ́lì sí ilé kan lórí òkè, ó sì dúró tì wọ́n títí wọ́n fi fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Nígbà tí mo gbọ́ pé díákónì ni Kátà, tó ń kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, mo ní iṣẹ́ Ọlọ́run nìyí. Agogo àdúrà lù, mo sá lọ, n kò gbọ́ ìyókù.

Mo ránṣẹ́ pe Akin àti Ọlọ́runníyì. Mo ní kí wọ́n gba àwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, mo kó wọn sí yàrá ẹ̀yìn pẹpẹ, mo ti ilẹ̀kùn. Mo kúnlẹ̀ níta, mo bẹ̀rẹ̀ orin.

N kò tíì kọ ẹsẹ kejì parí tí àga fi fọ́. Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn, Akin ti fún àbúrò rẹ̀ lọ́rùn mọ́ ògiri. Ẹ̀wù funfun mi ya kí èmi àti Búrẹ́mọ̀, ẹni tí ariwo mú sáré wọlé, tó rí wọn là.

Búrẹ́mọ̀ ń mí hẹlẹ. "Ta ló ní kí o kó àkùkọ méjì sínú agbọ̀n kan?"

"Ṣebí ìwọ lo sọ ti Kátà fún mi."

"O ò dúró gbọ́ tán. Òun náà kọ́kọ́ mú wọn jókòó pọ̀, ariwo ni wọ́n ń pa mọ́ra wọn. Ló bá yà wọ́n. Òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé ìwé rìn láàárín wọn, ọjọ́ mẹ́tàlá gbáko ni wọ́n lò níbẹ̀. Ààrẹ Amẹ́ríkà di ìránṣẹ́, Ajíhìnrere, ìwọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ò ń kọrin."

Mo fi Akin sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo mú Ọlọ́runníyì gun àtẹ̀gùn lọ sí Òkè Ìdànrè, sínú ahéré àdúrà tí ìjọ wa kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta. Àtẹ̀gùn náà ju ẹgbẹ̀ta lọ, orúnkún mi ọ̀tún kò sì dára. Lọ́jọ́ Ẹtì mo gùn ún lẹ́ẹ̀mejì, lọ́jọ́ Àbámẹ́ta ẹ̀ẹ̀mẹta.

"Ẹ sọ fún un pé mo lè fi igi mẹ́rin sílẹ̀ fún un," ni Akin wí.

Mo gòkè. Ọlọ́runníyì rẹ́rìn-ín. "Bọ̀dá Akin fẹ́ fi nǹkan mi ta mí lọ́rẹ. Ẹ ní kó fi mẹ́rin náà se ọbẹ̀."

Mo sọ̀kalẹ̀, n kò sọ ti ọbẹ̀. Mo ní àbúrò rẹ̀ ṣì ń rò ó. Kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi, bí mo ti ti òkè dé, mo gbọ́ tí Akin ń gbàdúrà sókè, bí àwa Aládùúrà ti ń ṣe. "Olúwa, o mọ̀ pé n kò mọ ibi tí pẹ̀rẹ̀gún náà wà. Ojú ló ń tì mí láti yí ohùn pa dà. Má jẹ́ kí n pa ọmọ ìyá mi."

Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ohun tí ènìyàn bá Ọlọ́run sọ kì í ṣe ẹrù tí ajíhìnrere ń rù kiri. Bẹ́ẹ̀ ọ̀la ni ọjọ́ Ajé. Bí mo bá gbé e gòkè, Ọlọ́runníyì á sọ ọ́ di ohun ìjà. Bí n kò bá sì gbé e, ìyá wọn á sin ọ̀kan.

Mo wọlé. "Akin, mo gbọ́ ọ."

Ó dìde. "Ẹ dúró gbọ́ àdúrà mi?"

"Mo gbọ́ ọ. N kò ní í gbé e lọ. Ìwọ ni wàá gbé e."

Ó wò mí títí ẹ̀rù fi bà mí. Ó mú àdá oko rẹ̀ tó fi sẹ́yìn ilẹ̀kùn láti ọjọ́ Ẹtì, ó jáde, ó sì dorí kọ àtẹ̀gùn.

Mo pe orúkọ rẹ̀. Mo tẹ̀ lé e. Kí n tó dé ibi ìsinmi kejì lórí àtẹ̀gùn náà, n kò rí ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́. Mo fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ gun èyí tó kù, mò ń pe Jésù, mò ń ro ohun tí n ó sọ fún ìyá wọn. N kò gbọ́ ohùn kankan láti òkè, ìyẹn ló sì bà mí lẹ́rù jù.

Nígbà tí mo dé ahéré, Ọlọ́runníyì dúró sẹ́nu ọ̀nà, òkúta wà lọ́wọ́ rẹ̀. Akin dúró ní ìwọ̀n ìgbésẹ̀ mẹ́wàá sí i. Ó ti ju àdá sílẹ̀ lẹ́yìn ara rẹ̀.

"Ẹ tún un sọ," ni Ọlọ́runníyì wí.

"Mo ní n kò mọ ibẹ̀. Mo purọ́ lójú ọjà."

Òkúta náà kò kúrò lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀. "Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí Bàbá gbìn ín," ló wí. "Ibo ni kí èmi ti mọ̀ ọ́n?"

"Kí ni ìwọ wá búra sí?"

"Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ búra."

Mo jókòó sórí àpáta. Wọn kò dì mọ́ra, wọn kò sì sunkún. Níbẹ̀ náà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn mìíràn: bí a bá ta okùn ààlà, ta ni yóò dì í mú lójú odò, ta ni yóò dì í mú lẹ́bàá ọ̀nà, nítorí ìpẹ̀kun ààlà méjèèjì yẹn nìkan ni kò sẹ́ni tó ń jiyàn lé. Ó tó wákàtí kan kí wọ́n tó gbà pé kí ìyá wọn dúró lẹ́bàá ọ̀nà, kí èmi dúró lójú odò.

Lọ́jọ́ Ajé, lébìrà méjìlá dúró wò wá. Okùn náà fi igi mọ́kànlá sí ọ̀dọ̀ Ọlọ́runníyì, méje péré sí ọ̀dọ̀ Akin. Akin ka igi náà lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá rẹ̀ kò fi okùn sílẹ̀, ojú ọmọ rẹ̀ ló ń wò.

Akin yíjú sí àwọn lébìrà rẹ̀. "Kí lẹ ń wò?" ló wí. "Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àbúrò mi. Tirẹ̀ ló pọ́n jù."