Èédú Ààrò Hawaou

Láti ìgbà tí iṣu tuntun ti wọlé ní Kika ni agboolé Yacoub ti ń jẹ gàrí. Kì í ṣe pé iṣu wọ́n, iṣu kún abà. Hawaou, ìyàwó Yacoub, ló ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án àfi bí Rahamatou ọmọ wọn bá dé, torí nínú ilé wọn, àkọ́bí ló ń bu òkèlè àkọ́kọ́ nínú iyán ọdún. Odindi ọdún mẹ́ta ni Faïzath, àbúrò rẹ̀, ti ń bá a bù ú. Lọ́dún yìí Rahamatou ṣèlérí. Ó ní tó bá di Jímọ̀ kejì nínú oṣù kẹjọ, òun á wọkọ̀ láti Kútọnu, òun á sọ̀ ní Tchaourou, òun á sì gun ọ̀kadà zém dé Kika.

Iṣẹ́ ọmọ náà kò yé èèyàn púpọ̀ lábúlé. Orí òkun ló ń gbé. Wọ́n á ki páìpù gígùn bọ ìsàlẹ̀ omi, wọ́n á fi fa ẹrẹ̀ jáde, òun á wá jókòó ti ẹrẹ̀ náà, á máa fi mọ bí òjò ṣe rọ̀ láyé àtijọ́ àti ìgbà tí ọ̀dá dá. Yacoub, tí àwàdà kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, a máa ní àwọn rán ọmọ nílé ìwé kó má baà roko, ó wá lọ ń walẹ̀ lábẹ́ omi. Hawaou ní tirẹ̀ ti bi ọmọ léèrè rí pé kí ni òkun jí lọ́wọ́ wọn tí wọ́n fi ń wá a kiri. Rahamatou rẹ́rìn-ín títí, ó wá ṣàlàyé pé erùpẹ̀ tí òjò bá wọ́ lóko wọn, odò Òkpárá ló ń gbé e fún Ouémé, Ouémé a gbé e fún òkun, òkun a sì tẹ́ ẹ sísàlẹ̀, ti ọdún yìí lórí ti èṣí. Ó ní òun a máa rí èédú wẹ́wẹ́ nínú rẹ̀ pẹ̀lú, èédú iná tí àwọn èèyàn dá kí a tó bí baba ńlá ẹnikẹ́ni ní Kika. Ọ̀rọ̀ èédú yìí kò kúrò lọ́kàn Hawaou.

Jímọ̀ pé. Kí oòrùn tó gbóná, iṣu ti wà lórí iná, ẹ̀ka igi kajú tí Rahamatou gbìn nígbà èwe ni ìyá rẹ̀ fi dáná. Àjò kì í dùn kí onílé má relé, ohun tó ń tún sọ nìyẹn títí Faïzath fi ń bá a parí rẹ̀.

Fóònù dún.

“Mamá, ẹ má bínú. Bon, wọ́n ti pè wá. Batò ń ṣí lọ sójú òkun lọ́la, ó di oṣù kejìlá.”

Hawaou bi í bóyá ó ti jẹun. Ó ní òun ti jẹ. Ìyá rẹ̀ tún bi í pé ibo ni wọ́n ti fẹ́ ki páìpù bọlẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

“Iwájú Kútọnu, Mamá, níbi tí omi tiwa ń bọ́ sókun.”

Hawaou kí i pé ó dàbọ̀. Àárò ọmọ náà wá sọ ọ́ débi pé ó ní láti jókòó sórí odó. Nígbà tó dìde, ó gún iyán náà. Yacoub ní kí Faïzath bu òkèlè, Hawaou ní rárá, kí ẹnikẹ́ni má bá Rahamatou bù ú mọ́. Ó wọ́n omi síná, ó kó èédú sínú bàsíà, ó gbé e rù, ó kọrí sódò Òkpárá. Yacoub tẹ̀ lé e.

Létí odò ni ó ti bá a sọ̀rọ̀. “Ìyá Raha, ohun tí wọ́n ń fà jáde yẹn, ẹgbẹ̀rún ọdún ló ti wà níbẹ̀. Raha kò ní rí èédú yìí láyé rẹ̀.”

“Mo mọ̀,” ni Hawaou wí. “Ọmọ ẹlòmíì á rí i. Á mọ̀ pé a dáná de ẹnì kan.”

Ó da èédú náà sómi. Wọ́n dúró títí tí dúdú rẹ̀ fi ṣàn lọ, wọ́n padà sílé, gbogbo ilé sì jọ bu iyán náà lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n jẹ ẹ́ ní tútù.